Egbé Kọ́ Ló Gbé Bàálù Dé Èkó

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí a ṣe ìsọmọlórúkọ kan nínú agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn tó wá ya fídíò gbé dúróònù dání. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ bí ilé ṣe ń fara kan ilé níbẹ̀. Bí dúróònù bá gbéra láàárín irú agbo ilé bẹ́ẹ̀, gbogbo ojú ló máa tẹ̀lé e. Àwọn ọmọdé ń pariwo, àwọn ìyá tó ń dáná gbójú sókè, kódà ìyá àgbà mi tí kò ríran dáadáa mọ́ ní kí wọ́n júwe rẹ̀ fún òun.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Alàájì, ti dá sí i. Wọ́n ní: "Kí lẹ wá ń pariwo lé lórí? Ṣebí àwọn baba ńlá wa ti ń fò kí òyìnbó tó mọ kẹ̀kẹ́ í ṣe. Egbé ni wọ́n jí wò, tí wọ́n fi ṣe bàálù."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àbúrò mi kan, ọmọ ọdún 14, yíjú sí mi: "Bùrọ̀dá, ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀yin lẹ ń kàwé sáyẹ́ǹsì."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní, "Bí Alàájì bá ti wí náà ni." Mi ò fẹ́ dá àgbà lóhùn láàárín èrò. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ yìí kan náà, tó yẹ kó yàn bóyá sáyẹ́ǹsì ni yóò ṣe tàbí àátì, pè mí lórí fóònù. Ó ní: "Bí ó bá jẹ́ pé àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì jí i lọ, kí ni mo tún fẹ́ máa fi físíìsì dara mi láàmú sí?"

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rín tí mo rín kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ojo ni. Nítorí náà, èrò mi rèé, kí n sọ ọ́ ketekete: àwa Yorùbá ní ìpín tiwa nínú ìtàn ọkọ̀ òfurufú, ìpín tó dájú, tó ní orúkọ, tó ní ọdún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi egbé díje pẹ̀lú bàálù, à ń sọ èyí tó dájú nù nítorí èyí tí a kò lè fi han ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ wa ló sì ń san gbèsè rẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o

N kò sọ pé ìtàn egbé àti kánàkò kò níyì. Mo fẹ́ràn wọn. Wọ́n jẹ́ ká mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti ń wo ojú ọ̀run tí wọ́n sì ń bi ara wọn pé, kí ló dé tí ẹyẹ fi lè lọ tí àwa ò lè lọ? Àlá ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn Gíríìkì náà ní ìtàn Icarus tó fi ìda lẹ ìyẹ́ mọ́ apá. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí Gíríìkì kan lónìí tí yóò sọ fún ọmọ rẹ̀ pé Icarus ló ṣe Boeing.

Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn tiwa gan-an. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó. Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn jagunjagun rẹ̀ kò sá lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fi àgbá àti ìbọn dá wọn lóhùn, wọ́n jà fitafita. Nígbà tí ọwọ́ ìyà le jù, wọ́n fi ìlú sílẹ̀, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n padà lọ tẹ̀dó sí. Ìbọn, odi àti ọkọ̀ ojú omi ni ìtàn ogun yẹn kún fún. Bí egbé bá wà nílẹ̀ bí a ṣe ń sọ ọ́, ọjọ́ wo ni a tún fẹ́ lò ó ju ọjọ́ náà lọ?

Alàájì á ní: "Àṣírí ni. Àwọn baba wa kò fi han ẹni burúkú ni." Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó ṣe bàálù, ká wo ohun tí àṣírí fún wọn àti ohun tó gbà lọ́wọ́ wọn.

Àwọn aṣe-kẹ̀kẹ́ méjì

Wilbur àti Orville Wright kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò sí èyí tó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì nínú wọn. Ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ní ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà: wọ́n ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, wọ́n sì ń ṣe tuntun tà. Ẹ fi wọ́n wé àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì tí ẹ mọ̀, tí wọ́n lè tú ẹ́ńjìnnì kí wọ́n sì tò ó padà ní ojú dídì.

Káìtì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1899, Wilbur ṣe káìtì kan tó ní apá méjì lórí ara wọn, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan àtààbọ̀, ó sì so okùn mẹ́rin mọ́ ọn láti máa fi lọ́ apá náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Àwọn ọmọdé àdúgbò ló ń wò ó. Àwa tí a fi ìwé ìròyìn àti ọwọ̀ ṣe káìtì rí lórí òrùlé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣé ẹ rí i pé ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyàtọ̀ wà nínú ìbéèrè tí wọ́n bi káìtì wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣáájú wọn ń wá agbára: ẹ́ńjìnnì ńlá tó máa tì í sókè. Àwọn Wright ní rárá, ìdarí ni ìṣòro. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ kò lè dá dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ ló ń bá a wá ìdọ́gba ní gbogbo ìgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàálù: ó lè tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó lè gbé imú sókè tàbí kó sọ ọ́ sílẹ̀, ó sì lè yí imú sí ọ̀tún tàbí òsì. Àfi kí awakọ̀ rẹ̀ lè darí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Títí di òní, orí mẹ́ta yìí náà ni dúróònù tó wá sí ìsọmọlórúkọ wa ń tẹ̀lé.

Ní ọdún 1901, wọ́n kọ́ ọkọ̀ aláìlẹ́ńjìnnì kan, wọ́n gbé e lọ sí etí òkun ní Kitty Hawk. Ó já wọn kulẹ̀. Agbára tó ń gbé e sókè kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí ìṣirò sọ. Wilbur fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Orville sọ lẹ́yìn náà pé lójú ọ̀nà ilé, ẹ̀gbọ́n òun sọ pé ọmọ ènìyàn kò ní fò lójú ayé àwọn.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Èkó mọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ìwé. Nọ́ńbà kan wà tí gbogbo ayé fi ń ṣírò agbára atẹ́gùn, tó ti wà nílẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ogójì: 0.005. Àwọn àgbà ti lò ó. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti lò ó. Àwọn aṣe-kẹ̀kẹ́ méjì yìí ní ẹ jẹ́ ká wò ó ná. Wọ́n kan àpótí onígi kan tó gùn tó nǹkan bíi mítà méjì, wọ́n fi fáànù sí ẹnu rẹ̀ kí atẹ́gùn máa gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n fi bíléèdì ayùn ògbólógbòó àti wáyà táyà kẹ̀kẹ́ ṣe òṣùwọ̀n sínú rẹ̀. Wọ́n gé irin pẹlẹbẹ sí oríṣiríṣi ìrísí apá, nǹkan bí 200, wọ́n ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà tó tọ̀nà sún mọ́ 0.0033. Ìwé ló ṣì, àwọn kọ́.

Ọkọ̀ tí wọ́n fi ìṣirò tuntun yìí ṣe ní ọdún 1902 gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Charlie Taylor tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ́ ẹ́ńjìnnì fún wọn láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá, ọdún 1903, Orville fò fún ìṣẹ́jú-àáyá 12, ó lọ tó mítà 36. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n fò lọ́jọ́ yẹn. Nígbà kẹrin, Wilbur lo ìṣẹ́jú-àáyá 59, ó sì lọ tó mítà 260. Èèyàn márùn-ún ló ṣẹlẹ̀ lójú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ló tẹ kámẹ́rà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ṣáájú ìyẹn, ẹ̀rọ Samuel Langley, ọ̀mọ̀wé ńlá tí ìjọba Amẹ́ríkà fún ní 50,000 dọ́là, já sínú odò Potomac. Owó àwọn Wright kò tó 1,000 dọ́là. Kì í ṣe owó ló yanjú ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọ̀ ara. Wíwọ̀n ni, àti àìjẹ́ kí ojú ti wọ́n láti sọ pé ohun tí gbogbo ayé gbà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìjà Pópó Àgùdà

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa kọ̀wé sí mi pé àwọn Wright kọ́ ni àkọ́kọ́. Bí ẹni náà bá jẹ́ ará Pópó Àgùdà, tí baba ńlá rẹ̀ ti Brazil dé, mo tilẹ̀ mọ orúkọ tó máa dá: Alberto Santos-Dumont. Ọmọ Brazil ni. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kọkànlá, ọdún 1906, ó fò tó mítà 220 ní Paris, níṣojú èrò àti àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òfurufú ilẹ̀ Faransé. Ní Brazil títí di òní, òun ni wọ́n kà sí baba bàálù. Wọ́n ní táyà ni ọkọ̀ rẹ̀ fi gbéra, kò lo irin tí àwọn Wright tẹ́ sílẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àṣírí ti wọlé. Ní ọdún 1905, àwọn Wright ti fò yí pápá kan po fún ìṣẹ́jú 39, nǹkan bíi kìlómítà 39. Ṣùgbọ́n wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n á jí iṣẹ́ wọn, wọ́n kó ọkọ̀ wọn pamọ́, wọn kò fò rárá ní ọdún 1906 àti 1907. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn ìwé ìròyìn ní ilẹ̀ Faransé ń pè wọ́n ní òpùrọ́. Àfìgbà tí Wilbur lọ sí Le Mans ní oṣù Kẹjọ ọdún 1908, tó fò níṣojú gbogbo wọn, ni wọ́n tó túúbá.

Ṣé ẹ rí i? Kódà ẹni tó ṣe é ní tòótọ́, nígbà tó fi pamọ́, ayé kò gbà á gbọ́. Ayé kò sì jẹ̀bi. Ẹni tó bá ní òun lè fò ló máa fi han, ẹni tó ń wò kò ní ẹ̀jọ́ láti jẹ́. Ìjà àárín Brazil àti Amẹ́ríkà kò tíì parí, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń jà: fọ́tò, ọjọ́, ìwọ̀n, orúkọ ẹlẹ́rìí. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Àwa náà lè wọ inú ìjà náà, àmọ́ a gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí dání.

Ìpín tiwa rèé

A sì ní ẹ̀rí. Ẹ̀yin ọmọ Èkó, ẹ má bínú, Kano ló ṣáájú wa. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kọkànlá, ọdún 1925, àwọn ọkọ̀ òfurufú ológun Gẹ̀ẹ́sì láti Íjíbítì balẹ̀ sí Kano. Ní ọdún 1936, Imperial Airways bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà àti èrò láti Khartoum wá sí Kano, kó tó di pé ọ̀nà náà gùn dé Èkó kí ọdún náà tó parí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọkọ̀ òfurufú ńlá tó ń balẹ̀ sójú omi ń ti Ìlú Ọba wá sí Èkó. Boeing mẹ́ta wà lára wọn, Bristol, Berwick àti Bangor. Apá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti ìkangun kan dé èkejì tó mítà 46. Ẹ fojú inú wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójú omi tiwa, láàárín àwọn ọkọ̀ apẹja.

Ṣùgbọ́n èyí tó jọ mí lójú jù ni ti Peter Adéníyì Thomas. Èkó ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1914. Bàbá rẹ̀ ni P. J. C. Thomas, oníṣòwò ńlá. Àbúrò ni fún Stella Thomas, obìnrin Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di agbẹjọ́rò. Títí di ọdún 1939, òfin ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ni pé ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ òyìnbó pọ́ńbélé kò lè di ọ̀gá níbẹ̀. Nígbà tí ogun dé, wọ́n ká òfin náà kúrò. Thomas wọlé, ó kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó yege, nígbà tó sì di ọdún 1942, ó di ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ológun náà. Jàǹbá ọkọ̀ òfurufú ló pa á ní Wales ní ọdún 1945.

Kò dá nìkan lọ. Báńkólé Vivour tó ti Nàìjíríà lọ wà nínú Lancaster kan tí wọ́n já lulẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ ju bọ́ǹbù sí Nuremberg ní oṣù Kẹta ọdún 1944. Akin Shenbanjo náà bá wọn fò nínú Halifax.

Ẹ wo ohun tí ìtàn Thomas ń sọ fún wa. Kò sí ohun tí wọ́n jí nínú orí rẹ̀. Ohun tó dè é mọ́lẹ̀ ni òfin burúkú kan, ọjọ́ tí òfin náà kúrò, ó fò. Bessie Coleman náà rí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà: gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfurufú lé e nítorí pé obìnrin aláwọ̀ dúdú ni, ó lọ kọ́ èdè Faransé, ó lọ gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1921. Bí a bá fẹ́ bínú sí òyìnbó, ohun tó yẹ ká bínú sí rèé. Ó ní òfin, ó ní ọdún, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Ẹ̀sùn pé wọ́n jí egbé ń bo ẹ̀sùn tòótọ́ mọ́lẹ̀ ni.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí

Kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Iṣẹ́ ìwádìí tí mò ń ṣe fún másítáàsì mi dá lórí abẹ̀bẹ̀ kékeré tí atẹ́gùn ọ̀sà lè máa yí kó fi máa pèsè iná. Oṣù méje gbáko ni nọ́ńbà mi kò fi bá ti ìwé mu. Ní òru ọjọ́ kan, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo wo nọ́ńbà mẹ́ta tó ń bà mí nínú jẹ́, mo ní kí n kúkú pa wọ́n rẹ́ jàre. Ta ló máa mọ̀?

Mi ò pa wọ́n rẹ́. Mo tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n, ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Mo wá rí i pé òṣùwọ̀n mi ló ń parọ́ tí oòrùn bá ti mú. Ìwé kò ṣì, abẹ̀bẹ̀ kò ṣì. Bí mo bá ti pa nọ́ńbà mẹ́ta yẹn rẹ́, mi ò bá má mọ̀ láéláé.

Ohun tí sáyẹ́ǹsì jẹ́ nìyẹn lójú tèmi. Kò ní àwọ̀. Ìwà ni: kí o gbà láti jẹ́ kí nǹkan já ọ kulẹ̀, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, kí ẹlòmíì lè tún un ṣe. Ọmọ tí a bá fi "àwọn baba wa ti ṣe é" pa ìbéèrè mọ́ lẹ́nu kò ní kọ́ ìwà náà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí a bá pa ìbéèrè ọmọdé, ọgbọ́n àgbà nìkan ló kù, ẹsẹ̀ kan kì í sì í gbé ara.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ tó ń ka èyí, ẹ kọ orúkọ Peter Thomas sí ojú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Wright. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tí ẹ bá rí fídíò tó ní egbé ni NASA ń lò, kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló rí i? Báwo ni ẹlòmíì ṣe lè tún un ṣe? Kí ni ì bá jẹ́ ká mọ̀ pé irọ́ ni?

Èmi náà ti padà lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó lọ san gbèsè mi. Èmi àti àbúrò mi fi ìwé ìròyìn ṣe káìtì méjì, ọ̀kan pẹlẹbẹ, ọ̀kan tó tẹ̀ bí apá ẹyẹ. A so òwú wọn mọ́ òṣùwọ̀n kékeré tí ẹlẹ́ja kan yá wa. Ó ní èyí tó pẹlẹbẹ ló máa fà jù. Mo ní kó kọ ohun tó rò sílẹ̀ ná, kó tó wọ̀n ọ́n. Ó kọ ọ́. Ó wọ̀n ọ́n. Ó ṣì í. Ó wo ìwé rẹ̀ títí, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un wọ̀n."

Alàájì wà nísàlẹ̀, lórí àga wọn. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní kí la kọ síbẹ̀. Ó kà á fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní: "Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta."